Àwọn Ewéko Tí Ń Ṣọ́ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Kétu gbẹ́ yàrà, ó mọ odi, ó sì fi Àkàbà Ìdẹ̀nà ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ti Ṣábẹ̀ẹ́, òkè ni Elédùmarè fi ṣe odi fún un. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń jà káàkiri ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà sá gùn. Ní ọdún 1886, ogun náà fọ́ Kétu, odi tí ọwọ́ ènìyàn mọ kò sì lè gbà á là. Òkè ní tirẹ̀ ṣì dúró gbọin-gbọin. Ìdí nìyí tí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kì í fi í sọ̀rọ̀ òkè bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkúta lásán.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn tí à ń pa fún ọmọ nípa òkè, a kì í sábà dárúkọ àwọn tí kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ogun parí. Àwọn náà ni ewéko tí ó gba orí àpáta ṣe ilé.

Ilé tí ó le ni. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì máa ń dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Omi kì í dúró lórí òkúta tí ó yọ́ pọ̀rọ́, ilẹ̀ tí gbòǹgbò lè wọ̀ kò sí, oòrùn a sì mú kí àpáta gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò ní lè dúró lé e. Kódà, àwọ̀ dúdú tí ojú ń rí lára òkè láti òkèèrè, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ni ó bo òkúta náà bí aṣọ.

Àgbà láàrin àwọn ewéko wọ̀nyí ni koríko kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Afrotrilepis pilosa. Láti Senegal títí dé Gabon, orí àpáta ni ó ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ara rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ewé rẹ̀ a ká, a di eérú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a sì ní ó ti kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kì í hù láti inú irúgbìn. Ewé kan náà tí ó dà bí òkú ni yóò mu omi, tí yóò nà, tí yóò sì tún padà di tútù. Gbòǹgbò rẹ̀ so kọ́ra bí ẹní, ó ń di iyanrìn àti ewé jíjẹrà mú kí ìkún omi má bàa gbé wọn lọ. Lórí ẹní yìí ni àwọn ewéko mìíràn ti ń rí ilẹ̀ díẹ̀ hù sí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lè ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ọmọ òde òní ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti wà níbẹ̀ nígbà tí baba ńlá rẹ̀ ń sá fún ogun.

Níbi tí omi ti ń sun lára àpáta nígbà òjò, àwọn kékeré mìíràn tún wà tí ń jẹ Utricularia. Oúnjẹ kò sí nínú omi orí òkúta, nítorí náà wọ́n ní àpò tíntín lábẹ́ tí wọ́n fi ń dẹ pàkúté mú ẹranko inú omi tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Wọ́n a tanná, wọ́n a so, wọ́n a sì ti parí ayé wọn kí àpáta tó gbẹ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fiyè sí irú ibi báyìí. Ní ọdún 2003, Madjidou Oumorou fi ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ewéko orí àwọn òkè àpáta ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní Guinea, òkúta tí ó dì láti inú iyanrìn ni ti Òkè Gangan lẹ́bàá ìlú Kindia, kì í ṣe òkúta líle bíi ti Ṣábẹ̀ẹ́. Lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ni a ti rí igi kékeré kan tí kò bá ẹ̀yà (genus) ewéko kankan tí ìwé ti mọ̀ ṣe ọ̀kan náà. Ní ọdún 2018 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún ayé ní Kindia gangan: orúkọ ìlú, orúkọ òkè. Èyí tí ó ti dàgbà nínú rẹ̀ tí wọ́n rí kò tó ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ìlú olókè gbogbo. Ilé ń pọ̀ sí i, ọ̀nà ń gùn sí i, òkúta fífọ́ sì ti di ọjà. Ẹni tí ó bá fọ́ apá òkè kan lónìí yóò rí owó rẹ̀ gbà lọ́la, ṣùgbọ́n ẹní koríko tí ó bá a lọ kò ní padà lójú ayé ọmọ rẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹ ilẹ̀. Òkè tí à ń júbà níwájú ọba kò yẹ kí ó di òkìtì òkúta títà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju agbára ẹgbẹ́ lọ. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ orúkọ ewéko orí òkè ní èdè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe, ṣì wà láàyè. Kí ọmọ wọn jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Bí a bá ń mú àlejò gun òkè, kí ọ̀nà má gba orí ẹní koríko kọjá. Bí ìjòyè bá sì ń jíròrò lórí ilẹ̀ òkè, kí a bèèrè ohun tí ó ń gbé níbẹ̀ kí a tó bèèrè iye tí òkúta rẹ̀ yóò mú wá.

Òkè gba àwọn baba wa nígbà tí wọn kò ní ibòmíràn. Àwọn ewéko yìí náà kò ní ibòmíràn.