Kí Ẹ̀fọ́ Tó Wọ Ọjà, Kó Kọ́kọ́ Wọ Ìkòkò Ilé

 

Nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe láti abúlé dé abúlé, ohun kan wà tó ń kọ wá lóminú. Ilé tí ẹ̀fọ́ ti ń jáde lọ sọ́jà, ẹ̀fọ́ kì í sábà sí nínú ọbẹ̀ wọn. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ á kún ọkọ̀ láàárọ̀, tó bá di alẹ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata lásán lọmọ ilé máa jẹ.

Ìyá kan tó ń dá àkùrọ̀ gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó. Nígbà tá a dé oko wọn, a bi wọ́n pé, "Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń se ẹ̀fọ́ lọ́sẹ̀?" Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará àgíríìkì, owó ni mo gbìn síbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára, torí òótọ́ ni. Inú ẹ̀fọ́ yẹn lowó iléèwé ti ń jáde, ibẹ̀ náà lowó ajílẹ̀ àti owó ọkọ̀ wà. Àmọ́ èrè ọ̀sẹ̀ yẹn, oògùn ni wọ́n fi rà.

A ò ní kẹ́ ẹ má tà o. Ebè kan péré là ń bẹ̀bẹ̀ fún, kó jẹ́ tilé.

Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, kó má bàa dì sójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó jẹ. Ẹ má fà á tu. Ẹ gé e, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kù díẹ̀, á tún rú. Ṣọkọ àti ewédú náà ń bẹ. Gbúre ò tiẹ̀ ní wàhálà, omi ara rẹ̀ ti tó o sè, ẹ má bu omi sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bọ tẹ̀tẹ̀ títí, tẹ́ ẹ wá fún omi rẹ̀ dànù, oore ni ẹ dà nù yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ. Tí ata àti irú bá ti jinná, ẹ dà á sí i kẹ́yìn, kó má pẹ́ lórí iná. Tòmátò àti ata tútù máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀fọ́. Irú tó dáa á sì dín magí kù.

Nígbà tí àgbàdo tútù bá dé, ẹ fi ẹ̀wà sí i, ẹ se àdàlú. Ohun tí ọ̀kan ò ní tó, èkejì ní in. Ìgbà yẹn náà ni ilá máa ń pọ̀ débi pé owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹ má tà á ní ọ̀pọ̀ yàtọ̀. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ sá a sórí àtẹ lábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Oòrùn líle máa ń ba oore ara rẹ̀ jẹ́. Tó bá gbẹ dáadáa, ẹ kó o pa mọ́ síbi tí omi ò ní dé. Tó bá di oṣù kejì, tí ilá tútù ti wọ́n, orúnlá yín á ta, ilé náà á sì jẹ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ewúro ẹ̀yìnkùlé ò ní já yín kulẹ̀, gbẹ̀gìrì náà ń bẹ. Sàláàdì kì í ṣe oúnjẹ olówó nìkan. Ẹ̀wà sísè, tòmátò, kùkúḿbà, àlùbọ́sà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó parí. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá máa jẹ ní tútù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ ti àkùrọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, ẹ má bínú sí wa. A mọ àwọn kan tó ti ní ebè ilé tipẹ́, ìdí tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ ni pé wọn kì í fín oògùn sí i. Tọjà ni wọ́n ń fín, wọ́n á sì ká a lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tá ò lè fún ọmọ tiwa jẹ, ṣé ó yẹ ká tà á fún ọmọ ọlọ́mọ? Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn, ẹ jẹ́ kó pé kẹ́ ẹ tó ká a. Ẹni tí ò bá lè kàwé, kó fún ọmọ rẹ̀ kà á. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ máa bi àgbẹ̀ yín léèrè ọjọ́ tó fín oògùn kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ya ebè kan sọ́tọ̀. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ìkòkò ilé, kẹ́ ẹ tó di ti ọjà.

Oko á dára o, ilé náà á sì yó.