Ẹni Tó Bá Fẹ́ Fi Oúnjẹ Wa Ṣẹ̀fẹ̀, Kó Gbé Àwo Tirẹ̀ Wá

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé Òyìnbó kì í jẹ inú ẹran kò tíì jókòó ti àwọn olólùfẹ́ baseball ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjì ni mo lò ní ìpínlẹ̀ Colorado nígbà tí mò ń kàwé gboyè kejì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló máa ń fà mí lọ sí Coors Field ní Denver, pápá tí ẹgbẹ́ Rockies ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Eré náà kò tètè yé mi: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, gbogbo èèyàn á pariwo. Ohun tó tètè yé mi ni ẹ̀fẹ̀ tí àwọn òǹwòran ń bá ara wọn ṣe, nítorí pé inú irú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Baseball fàyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Apá mẹ́sàn-án ni wọ́n pín in sí, kò sì sí aago tó máa sọ pé àkókò ti pé, kí kálukú máa lọ sílé. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì wọn tó ga jù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 162 nínú sáà kan, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní oúnjẹ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti bú agbábọ́ọ̀lù ara wọn tó, orí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ sí.

Ilé Denver ni ẹ̀fẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ta oúnjẹ kan nínú pápá náà tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountain oysters. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé inú òkun ni wọ́n ti kó o, ṣùgbọ́n kò sí òkun kankan nítòsí Denver. Kórópọ̀n akọ màlúù ni. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á yí i nínú ìyẹ̀fun, wọ́n á sì dín in nínú òróró gbígbóná. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ti Philadelphia wá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ó ní àwọn ará Denver ti jẹ baba màlúù tán, wọn ò lè rí ọmọ màlúù mọ́.

Kò rẹ́rìn-ín tán tí ọmọ Denver kan fi bi í pé, "Scrapple tiyín ńkọ́?" Scrapple ni oúnjẹ tí àwọn ará Jámánì tó tẹ̀dó sí Pennsylvania fi sílẹ̀: wọ́n á se orí ẹlẹ́dẹ̀, ọkàn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹran tó bá ṣẹ́ kù lára egungun, wọ́n á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo, á dì bíi búrẹ́dì, wọ́n á wá gé e dín láàárọ̀. Ẹni tó ti Cincinnati wá ní tàwọn, tó ń jẹ́ goetta, dára jù ú lọ nítorí pé ọ́ọ̀tì ni àwọn fi ń sè é. Wọ́n ní kó panu mọ́, pé ọmọ ìyá ni scrapple àti goetta. Ọmọbìnrin kan tí ìdílé wọn ti Mẹ́síkò wá sí San Diego sọ̀rọ̀ menudo, ọbẹ̀ tí wọ́n máa ń lá ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, mo pariwo. Ṣàkì ni! Ṣàkì tòótọ́, nínú ọbẹ̀ pupa tó ń ta sánsán.

Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo ka tiwa fún wọn: ṣàkì, abọ́dí, ẹ̀dọ̀, ìfun, fùkù, bọ̀kọ́tọ̀. Fùkù ló kọ́kọ́ dá wọn dúró, nítorí pé láti ọdún 1971 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta fùkù ẹran fún èèyàn jẹ. Òfin yìí kan náà ni kò jẹ́ kí haggis àwọn ará Scotland, tí fùkù àgùntàn máa ń wà nínú ẹ̀, wọ orílẹ̀-èdè wọn bí wọ́n ṣe ń sè é nílé. Nígbà tí mo dé orí pọ̀nmọ́, ará Philadelphia yẹn fò dìde. "Ẹ ń jẹ ohun tí àwa fi ń ṣe bàtà?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ohun tó dùn ṣe bàtà." Ẹ̀rín pa gbogbo ìlà ìjókòó wa.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo rántí jù lọ nínú wọn ni ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti South Carolina, tó ń ṣe olólùfẹ́ Atlanta Braves. Chitlins ni oúnjẹ tiwọn, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó sọ bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àti bí òórùn rẹ̀ ṣe máa ń lé àwọn ọmọdé jáde nínú ilé. Wọ́n fi òórùn yẹn ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé nígbà oko ẹrú, ohun tí ọ̀gá kò bá fẹ́ jẹ lára ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń jù fún àwọn baba ńlá òun, àwọn yẹn sì sọ ọ́ di oúnjẹ ọdún. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín. Ará Philadelphia tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín oúnjẹ mi, kọ́kọ́ gbé tìrẹ sílẹ̀ kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Yorùbá ní orúkọ méjì fún ohun méjì yìí. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ń sọ fún ọ pé ẹgbẹ́ ni yín. Ẹni tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ń sọ fún ọ pé o ò tó òun.

Òfin yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ará Ìbàdàn ń fi láfún bú Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá ń fi ìkọ́kọrẹ́ bú Ìjẹ̀bú, gbogbo wa la sì ń bi Èkìtì bóyá wọ́n mọ oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí iyán. Fúlàní àti Kànúrí ń bá ara wọn ṣeré bẹ́ẹ̀. Ní Mali, bí Traoré bá pàdé Diarra, ó lè pè é ní ajẹ̀wà láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n rí, onítọ̀hún kò sì ní bínú, á dá a padà fún un. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO fi irú àṣà ẹ̀fẹ̀ yìí tó wà ní Niger sínú àkójọ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò.

Ohun tó ń dùn mí ni pé yẹ̀yẹ́ ti ń gba ipò ẹ̀fẹ̀ láàárín àwa tá a pe ara wa ní ọ̀làjú. Nígbà tí mo padà sílé, mo ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Àbújá. Ọmọbìnrin Maiduguri kan gbé fàrá wá lọ́jọ́ kan, tata díndín tí wọ́n fi ata sí. Mo bá a jẹ ẹ́. Ó ń rún wómúwómú lẹ́nu bíi kókóró, ó sì rán mi létí ìrẹ̀ tí a máa ń sun nígbà ọmọdé. Ọ̀gbẹ́ni kan fi ọwọ́ bo imú, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń pè é ní "Ìyá Kòkòrò." Láti ìgbà náà, inú mọ́tò rẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán. Ìgbín ni ọ̀gbẹ́ni yẹn sì máa ń jẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Friday.

Ní ọdún 2017, pápá ẹgbẹ́ Mariners ní Seattle bẹ̀rẹ̀ sí í ta tata díndín, irú èyí tí wọ́n ń jẹ ní Oaxaca ní Mẹ́síkò. Ó tà débi pé wọ́n fi òté lé e: àwo 312 péré fún eré kan, láti fi bọlá fún Edgar Martínez, akọni wọn tí òṣùwọ̀n bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ .312. Àwọn kan ń tò fún un níbẹ̀. Níbí, ẹni tó jẹ ẹ́ ń sá pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ̀nmọ́. Ní ọdún 2022, olórí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria ní òun fẹ́ kí wọ́n fòfin dè é, kí awọ lè tó àwọn oníbàtà lọ́wọ́, àti pé kò ṣe ara lóore. A lè jókòó sọ ti oníbàtà, ọ̀rọ̀ òwò nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń tún un sọ, bí ẹni pé ìwà ẹ̀gbin ni kí ẹni tí owó ẹran kò ká fi pọ̀nmọ́ jẹ ẹ̀bà. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò gbé àwo tiwọn wá.

Ẹ̀gàn ò ní kí oyin má dùn, òótọ́ ni. Fàrá kò kúkú korò. Ẹni tó gbé e wá ni kò bá wa jókòó mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa ṣẹ̀fẹ̀ lọ, kò sí ohun tó dùn tó o. Ṣùgbọ́n kí o tó rẹ́rìn-ín ohun tó wà nínú kúlà ẹnìkejì, ṣí tìrẹ ná.