Àna Láàárín Ìràwọ̀

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìtàn àròsọ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń fi ọkọ̀ fò láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn. Ohun tí ó dá mi dúró ti Dune, ìwé tí Frank Herbert ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1965, ni pé ọ̀rọ̀ àna ni mo bá níbẹ̀. Àwọn ìdílé tí wọ́n ní odindi pílánẹ́ẹ̀tì ní ìkáwọ́ ṣì ń wá àlàáfíà lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ní ọmọ láti fi fọ́kọ.

Ọ̀tá àtayébáyé ni ilé Atreides àti ilé Harkonnen. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin awo kan, Bene Gesserit, ti ń darí ẹni tí yóò bímọ fún ẹni láàárín àwọn ọlọ́lá láti ọ̀pọ̀ ìran wá. Wọ́n pàṣẹ fún Jessica, tí ń bá Leto olórí ilé Atreides gbé, pé ọmọbìnrin ni kí ó bí, kí a lè fi ọmọ náà fún àrólé Harkonnen, kí ìjà náà lè parí. Leto ń fẹ́ ọmọkùnrin. Jessica sì mọ̀ọ́mọ̀ bí ọkùnrin fún un. Okùn tí wọ́n ti ń lọ́ láti ìran dé ìran já mọ́ obìnrin kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Òǹkàwé lè sọ pé ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Leto fúnra rẹ̀ kò gbé Jessica níyàwó, kí àwọn ilé ńlá yòókù lè máa retí pé òun yóò wá di àna wọn. Ìbátan olú-ọba Shaddam Kẹrin ni, ní ìhà obìnrin. Síbẹ̀ Shaddam wọ aṣọ Harkonnen fún àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀, ó sì rán wọn lọ gbógun tì í, nítorí pé òkìkí rẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá ń bà á lẹ́rù. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọ bíbí Baron Harkonnen ni Jessica, òun pàápàá kò sì mọ̀. Ẹni tí ó ṣètò ikú bàbá Paul, bàbá ìyá rẹ̀ ni! Ìdè wà, àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n gbé e pamọ́. (Àwa tí a kì í fọ́mọ fọ́kọ láìwádìí ìdílé yóò mọ ewu tí ó wà nínú ìyẹn.)

Herbert kò sì purọ́ mọ́ ayé. Ní 1914, ọmọ-ọmọ Victoria ni George Karùn-ún àti Wilhelm Kejì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Nicholas Kejì fẹ́. Wilhelm àti Nicholas ń fi wáyà ránṣẹ́ síra wọn bí ìbátan títí ogun fi dé.

Mo ti jókòó níbi ìtọrọ ìyàwó lọ́pọ̀ ìgbà tí àwọn àgbà ń kéde pé ilé méjì ti di ọ̀kan. Ojú ọmọbìnrin náà ni mo sábà máa ń wò. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ Irulan, àkọ́bí Shaddam, ṣe ká mi lára. Ọmọbìnrin márùn-ún ni Shaddam bí, kò ní ọmọkùnrin. Nígbà tí Paul ṣẹ́gun, ó gba Irulan pẹ̀lú ìtẹ́, ṣùgbọ́n ó ti búra fún Chani, olólùfẹ́ rẹ̀, pé orúkọ lásán ni Irulan yóò jẹ́ nínú ilé òun. Ìgbéyàwó náà kò dá ogun dúró. Nínú Dune Messiah, tí ó jáde ní 1969, Paul fẹnu ara rẹ̀ ka òkú tí wọ́n pa ní orúkọ rẹ̀: bílíọ̀nù 61. Irulan ní tirẹ̀ ń fi oògùn sínú oúnjẹ Chani kí ó má baà lóyún.

Ibì kan ni Herbert ti ṣe é lóore. Ọ̀rọ̀ láti inú àwọn ìwé tí Irulan kọ ni ó fi ṣí orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àkọ́kọ́. Ìparí ìtàn ni a tó fojú kàn án, nígbà tí wọ́n ń ṣòwò rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ojú ewé kìn-ín-ní ni ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀.