Òkè Tí Kò Ní Oníbodè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. N kò mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó ẹsẹ̀ òkè tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ di ibi ìgbafẹ́. Àlejò yóò dé ibẹ̀, kò ní rí odi, kò ní rí géètì, kò ní rí ẹni tí ń gba owó. Yóò sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé òkè náà kò ní olówó. Ó lè gùn ún dé ìdajì kí ó tó gbọ́ ohùn ẹni tí ń pè é padà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan ará Warri nínú ọ̀rọ̀ òkè. Iyanrìn, ẹrẹ̀ àti omi ni ilẹ̀ tí a wà yìí. Òkúta tí a fi ń ṣe ọ̀nà àti ilé, ọkọ̀ ni ó ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nítorí èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá. Olùkọ́ ni a óò dà lọ́la. Àwa ni a óò kó àwọn ọmọ tí kò rí àpáta rí sínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Ohun tí àwa bá kọ̀ láti béèrè, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò jìyà rẹ̀.

Àwọn òkè kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò le. Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, ní ẹnu ọ̀nà, ó ní àtẹ̀gùn, ó sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti tún un ṣe ní ọdún 2006. Ní Ìdànrè, níbi tí àwọn ènìyàn gbé lórí òkè títí di nǹkan bí ọdún 1923, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ń gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, owó ni a óò san, afinimọ̀nà yóò sì ṣíwájú. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n? Láti Àkókó dé Èkìtì, àti káàkiri Òkè-Ògùn, àwọn àpáta ńláńlá dúró gangan láàrin oko tí kò sí àkọlé kankan lára wọn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní ìlú yìí, mo ń fi àwòrán òkè Ìdànrè han kíláàsì mi nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Tísà, ta ló ni ín?" Ìbéèrè náà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì wí pé ti ìjọba àpapọ̀ ni àwọn ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ òkè yóò ní ọ̀nà oko òun ni ẹ ń gbà kọjá. Ọba àti àwọn àwòrò yóò ní òkè náà ti wà lọ́wọ́ àwọn baba àwọn kí ìjọba kankan tó dé.

Lára gbogbo wọn, ta ni kí a tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ní tèmi, ẹni tí ó súnmọ́ òkè jù ni kí a kọ́kọ́ lọ bá. Bí ọmọ bá já bọ́ láti orí àpáta, kì í ṣe gómìnà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè nísàlẹ̀ ni. Òun ni yóò ju ọkọ́ sílẹ̀, tí yóò gbé ọmọ náà sẹ́yìn. Ẹni tí a óò ké sí lọ́jọ́ ewu, ó yẹ kí a ti kí i lọ́jọ́ àlàáfíà. Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn ará ẹkùn odò tí ó yí wa ká. Àwọn adágún àti ojú omi ìpẹja wà tí wọ́n ní ìdílé tàbí ìlú tí ó ni wọ́n. Àlejò kì í kàn ju àwọ̀n sínú wọn láìtọrọ, bí kò tilẹ̀ sí odi lórí omi.

Lẹ́yìn olówó ni èèwọ̀. Lórí òkè Adó-Àwáyè, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ni adágún Ìyàkẹ́ wà. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà wá. Òkè Ọlọ́ṣunta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì jẹ́ ibi ìbọ, ó sì ní ọdún tirẹ̀. Ẹlòmíràn lè fi irú èyí ṣẹ̀sín. Kí ó rántí pé irú ọ̀rọ̀ yìí wà lókè òkun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2019 ni wọ́n fi òpin sí gígun àpáta Uluru ní Ọsirélíà, nítorí pé ibi ọ̀wọ̀ ni ó jẹ́ fún àwọn Anangu tí wọ́n ni ín. Ní Devils Tower ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń bẹ àwọn agùnkè pé kí wọ́n yẹra fún un ní oṣù kẹfà, nítorí ìsìn àwọn ẹ̀yà onílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe òfin.

N kò wí pé gbogbo ẹni tí ó bá dúró sí ẹsẹ̀ òkè ni kí a gbọ́ tirẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìwà àwọn ọmọ onílẹ̀: eléyìí gba owó tán, òmíràn tún yọ láti inú igbó. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ olówó nìkan ni yóò máa rí òkè, ọmọ ìlú náà gan-an yóò sì máa wò ó láti òkèèrè. Ó yẹ kí ìlú tí ó ní òkè pinnu iye tí àlejò yóò san, kí ó wọ ọwọ́ kan ṣoṣo, kí a fún ni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ inú ìlú má sì san nǹkan kan.

Àwa pẹ̀lú ní ìlànà tí ó yẹ kí a pa mọ́. Èkínní, a kò gbọdọ̀ gun àpáta nígbà òjò tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọbọ̀rọ́ ni ojú òkúta tútù. Èkejì, ariwo àti iná kò yẹ lórí òkè: oyin ń gbé inú pàlàpálá àpáta, koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í pẹ́ gbiná. Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ wa sára àpáta, a kò sì gbọdọ̀ ṣa àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ lọ sílé. Òfin ọdún 1979 ti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀kẹrin, àwọn agùnkè òde òní a máa gbẹ́ ihò sára òkúta, wọn a sì kan irin mọ́ ọn láti so okùn wọn kọ́. Irin yìí kì í ṣe ohun tí òjò yóò fọ̀ lọ; kí ẹnikẹ́ni má kan án láìgba àṣẹ. Ẹ̀karùn-ún, bí èèwọ̀ ibì kan bá kan àwọn obìnrin, kí olùkọ́ ti mọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, kí ó má baà jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè ni a óò ti dá ìdajì kíláàsì dúró lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà, bí ẹ̀ka wa bá ń múra ìrìn-àjò sí ìlú olókè, mo bẹ̀bẹ̀ kí a kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí ọba tàbí baálẹ̀ ibẹ̀ ní ojúlówó Yorùbá: iye ọmọ tí a ń kó bọ̀, ọjọ́ tí a ń bọ̀, àti ohun tí a fẹ́ mọ̀. Kí a bẹ̀ wọ́n pé kí àgbà kan ki oríkì òkè náà fún wa, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fún ìlú náà ní ẹ̀dà kan. Bí èsì wọn bá jẹ́ pé kí a má wá, kí a fara mọ́ ọn, kí a sì kọ̀wé sí ìlú mìíràn.