Ọjà Àpòmù Nínú Ìtàn Aólẹ̀

Ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bí òpìtàn ṣe tò ó. Ìtàn Aláàfin Aólẹ̀ ni mo fi ń yẹ èyí wò. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1897. Ó kú ní 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Nínú rẹ̀, Aólẹ̀ ti gorí ìtẹ́ ná. Wọ́n bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí ogun àkọ́kọ́ ìjọba rẹ̀ lè dojú kọ ọ́. Ó ní Baálẹ̀ Àpòmù ni. Kí ni baálẹ̀ ọjà fi ọba Ọ̀yọ́ ṣe?

Ibí yìí gan-an ni Johnson ti mú wa padà sẹ́yìn, sí ayé Abíọ́dún, sí ọjà tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Aólẹ̀ kò tíì jọba nígbà náà. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí Àpòmù, ó sì tà á lẹ́rú. Àṣẹ sì ti wà nílẹ̀ pé kí Baálẹ̀ má gba irú rẹ̀ láyè. Baálẹ̀ mú un, ó sì nà án dáadáa.

Ká ní láti ọjà ni a ti bẹ̀rẹ̀ ni, à bá ti mọ ẹni tó jàre kí Aólẹ̀ tó lanu. Ṣùgbọ́n ìbínú ọba ni a kọ́kọ́ rí. Àwíjàre Baálẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti dájọ́ ogun fún un. Èyí ló mú kí ó dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni, níkẹyìn ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ lè là. Kíá ni òpìtàn kọjá níbẹ̀. Èmi tí mo máa ń gba Ìkirè kọjá sí Àpòmù, tòun ti dòdò Ìkirè lọ́wọ́, n kì í lè tètè kọjá. Bí ará Àpòmù bá ni ó pìtàn náà, mo rò pé ibẹ̀ ni ì bá pẹ́ sí jù.

Èpè Aólẹ̀ ńkọ́? Kí òun náà tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó ta ọfà mẹ́ta, ó fọ́ àwo amọ̀ mọ́lẹ̀, ó ní a ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ kárí ayé. Ìtàn ti fò síwájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí èpè náà ń sọ tẹ́lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán kí Johnson tó mú kálàmù. Bàbá Johnson wà lára àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí a kó lẹ́rú, tí a sì dá sílẹ̀ ní Sàró. Ibẹ̀ ni a bí Johnson sí ní 1846.