Gíláàsì Tàbí Perspex: Ohun Tí A Fi Bo Pákó Géèmù Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ohun ìbora kan ni a fẹ́ sọ, èyí tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi fa àríyànjiyàn láàrin àwa àti ọmọ wa kejì.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọmọ náà ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ó wá sílé fún ìsinmi, ó ní òun yóò ṣe pákó géèmù fún àwọn àbúrò òun, irú èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ Street Fighter II tí ó jáde ní 1991: ọ̀pá ìdarí kan àti bọ́tìnì mẹ́fà fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì sì ni yóò máa fi figagbága. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọ̀pá àti bọ́tìnì ránṣẹ́, káfíńtà àdúgbò wa sì bá a gé pákó. A kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn géèmù, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ilé géèmù ìta, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi owó ta á, ni a kò fẹ́ kí wọ́n máa lọ. Nítorí náà ni a ṣe gbà.

Ó bẹ̀ wá pé kí a fi gègé àti tàdáà kọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ ní háráfí Lárúbáwá sórí ìwé, kí òun tẹ́ ẹ sórí pákó náà. A kọ ọ́, inú wa sì dùn sí i ju bí a ti fi hàn lọ. Àmọ́ òógùn ọwọ́ àwọn ọmọ kò ní jẹ́ kí tàdáà pẹ́ lórí ìwé. Ohun tí ó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ bò ó. Ọmọ wa ní gíláàsì ni òun fẹ́: kì í há, ó máa ń tutù lábẹ́ ọwọ́, ó sì ń dán. Kí a tó mọ̀, ó ti ra ẹyọ kan. A ní rárá. Ó béèrè ìdí, a ní nítorí pé a ti sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Kò bá wa jiyàn. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alaasari, ó mú àwòrán kan wá. Tábìlì géèmù Space Invaders ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Taito ti ilẹ̀ Japan ṣe, tí ó kún ilé kọfí wọn láti 1978. "Bàbá, ẹ wò ó, àwọn tí ó ni iṣẹ́ gan-an, gíláàsì ni wọ́n lò."

A mú awò ojú wa, a wò ó dáadáa. Òótọ́ ni, gíláàsì ni. Ṣùgbọ́n kò ní ihò kankan. Ojú ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó bò. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì, nísàlẹ̀ etí gíláàsì, ni ọ̀pá àti bọ́tìnì wà, ọwọ́ kì í sì í lù ú. Ife kọfí ni wọ́n ń gbé lé e. Pákó ti ọmọ wa yóò ní ihò mẹ́rìnlá, ọwọ́ mẹ́rin yóò sì máa gbá a pọ̀ pọ̀ pọ̀ láti òwúrọ̀. Onígíláàsì tí a bi sọ fún wa pé etí ihò ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì tí a fi iná sọ di líle ń kọ́? Ó ní kí ó tó wọ iná ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti lu gbogbo ihò rẹ̀; bí ó bá ti jáde tán, tí dírílì bá kàn án, gbogbo rẹ̀ ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́.

Ọmọ wa gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì gbà. Nígbà náà ni a sọ ohun tí a kò sọ fún un rí.

Ní 2003, ní ọjọ́ wòlímọ̀ ní ilé-kéwú wa, àwa ni a kó ìwé tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kọ sórí tábìlì, tí a sì fi gíláàsì fèrèsé bò ó kí eruku má bàa bà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan fẹ́ fi tirẹ̀ han ìyá rẹ̀. Ó fi ìgúnpá tì í, ó sì nà síwájú. Tábìlì náà kò tẹ́jú. Gíláàsì fọ́, ó sì ya apá ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ sókè. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí ìwé tí ó fẹ́ fi hàn. Wọ́n rán an, ó sì yè, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà. Ó ní kádàrá ni. A gba kádàrá gbọ́. A sì mọ̀ pé àwa ni a gbé gíláàsì síbẹ̀.

Ọmọ wa dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó ṣì ń kọ̀wé?"

A ní, "Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ ọ́."

Bí a ṣe lọ bá oní-sáìnbọ́ọ̀dù nìyẹn, ẹni tí ó ń ta àkírílíkì tí gbogbo wọn ń pè ní Perspex. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Otto Röhm, ni ó kọ́kọ́ tà á ní 1933 pẹ̀lú orúkọ Plexiglas. Wíwúwo rẹ̀ kò tó ìdajì ti gíláàsì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun Hitler, dókítà ojú kan, Harold Ridley, sì ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀fọ́ rẹ̀ bá wọ ojú awakọ̀ òfuurufú, ojú náà kì í bá a jà. Láti ibẹ̀ ni ó ti fi ṣe awò tí a ń fi sínú ojú tí a bá yọ ebé kúrò, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1949. Èyí ni ó jẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ gba ọ̀rọ̀ Perspex gbọ́ ju gbogbo ẹjọ́ wa lọ.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Èyí tí ó nípọn mílímítà 5 ni a kọ́kọ́ fẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ nínú gíga ọ̀pá ìdarí, ni a bá mú 3. A fi dírílì lásán lu ú, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lu igi. Ní ihò kẹta ó sán láti etí dé etí. Oní-sáìnbọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín wa. Ó ní kí a má ṣe bó ìwé ara rẹ̀, kí a fi pákó méjì há a pinpin, kí a lo dírílì ẹlẹ́nu àtẹ̀gùn, kí ó máa yí jẹ́jẹ́, kí ó máa ha á dípò kí ó máa gún un, nítorí bí ó bá gbóná yóò yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Bọ́tìnì wa jẹ́ mílímítà 30, a sì lu ihò 31. Ìdí ni pé ooru máa ń mú un fẹ̀: bí ooru bá fi ìwọ̀n 20 lọ sókè láti òwúrọ̀ ọyẹ́ sí ọ̀sán, èyí tí ó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà yóò fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà kan. Bí ihò bá fún mọ́ bọ́tìnì, ibẹ̀ ni yóò ti sán.

Aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ ni a fi ń nù ún, a kì í fi sìpíríìtì kàn án, nítorí ó ń mú kí ara rẹ̀ là wẹ́wẹ́. Ó sì ti há. Òrùka ìyá wọn ni ó kọ́kọ́ há a, ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, nígbà tí ó ní òun kàn fẹ́ wo bí wọ́n ti ń ta á. Tàdáà wa ṣì dúdú lábẹ́ rẹ̀. Gíláàsì tí ọmọ wa rà ti wà lójú fèrèsé yàrá wọn. Èyí tí ó sán, a fi ayùn gé e sí rúlà fún àwọn ọmọ ilé-kéwú; mẹ́fà ni a rí nínú rẹ̀.