Àwa Ọmọ Pẹ́ńsù HB

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọwọ́ bọ àpò lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ilé àti ibi ìdánwò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá pẹ́ńsù HB yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wa la fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe JAMB tiyín, ẹ sún mọ́bí. Ẹ ó gbọ́ ohun tójú àwọn òbí yín rí kí wọ́n tó di ẹni tí ń jókòó sórí àga tìmùtìmù, tí ń bi yín pé, "Máàkì mélòó lo gbà?"

Ọdún 1978 ni ìjọba dá JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, sílẹ̀. Àwa tí mo ń wí yìí, ìparí àwọn ọdún 1980 títí wọ ìgbà tí ọdún 2000 kọjá la bá a pàdé, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti gbòde. Létí, kò le: iṣẹ́ mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì ni dandan níbẹ̀, máàkì 400 sì ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá gba 200, ìyá rẹ á ti sọ fún gbogbo ọjà kó tó di alẹ́. Bí o bá gba 198, àwọn ará ilé á máa bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bọ́ lọ́wọ́ àìsàn.

Ibi fọ́ọ̀mù ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní brochure, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo yunifásítì àti ohun tí wọ́n ń béèrè sí. Àdúgbò kan, ìwé kan. Kó tó kàn ọ́, ojú ewé Medicine ti ya, nítorí ibẹ̀ ni ìka gbogbo ayé ń lọ.

Gbogbo wa la kúkú fẹ́ jẹ́ dókítà. Ẹni tí kò bá fẹ́, bàbá rẹ̀ á fẹ́ kó jẹ́ lọ́yà. Ẹni tó bá ṣẹ́kù, ẹnjiníà tàbí akáńtáǹtì. Iṣẹ́ tó wù wá ńkọ́? Ta ló bi wá? Ẹ̀gbọ́n kan á ní ká fi Ìbàdàn ṣe àkọ́kọ́, ká fi Ifẹ̀ ṣe ìkejì. Òmíràn á fò sókè pé, "Ẹ fẹ́ pa ọmọ yìí! Ifẹ̀ kì í mú ẹni tó bá fi í ṣe ìkejì!" Ilé á pín sí méjì, bàbá á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ wa.

Nígbà náà la tún gbọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà múni ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan ń fi máàkì wọlé, àwọn kan ń wọlé nítorí pé ìpínlẹ̀ wọn sún mọ́ yunifásítì ọ̀hún, àwọn mìíràn sì ń wọlé nítorí pé wọ́n ka ìpínlẹ̀ wọn mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí a gbọ́ èyí ni àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ṣàdédé rántí ìpínlẹ̀ tí ìyá-ìyá wọn ti wá.

Ní ti ìwé kíkà, ìwé Ababio ni kẹ́mísírì wa, ti Ramalingam sì ni báyọ́lọ́jì. A kò mọ wọ́n rí, ṣùgbọ́n à ń dárúkọ wọn láìfi ọ̀gbẹ́ni ṣíwájú. Tó bá di òru, a ó ki ẹsẹ̀ bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi tútù kí oorun má bàa gbé wa lọ. A ó mu kọfí, a ó jẹ obì lé e, síbẹ̀ ilẹ̀ á mọ́ bá wa lórí tábìlì, ojú ìwé kan náà ni. Ìyá àgbà ẹnìkan láàárín wa se ìsọ̀yè fún un, ó ní kò ní gbàgbé ohunkóhun. Lóòótọ́ ni kò gbàgbé ohunkóhun, àfi ohun tó kà. Àwọn mìíràn gbé pẹ́ńsù lọ sí ìṣọ́ òru kí wòlíì lè ta òróró sí i. Ẹ ò ní mọ̀ bí òróró ṣe ń ba pépà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ expo, ìbéèrè tó jò síta ṣáájú ìdánwò, ẹ má bi wá. Òbí yín kò ṣe é rí.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, kì í ṣe obì, kì í sì í ṣe Ababio ló mú ọ̀pọ̀ wa wọlé. Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìn ni. Ẹni tó dàgbà ní Mọ́kọ́lá, ní Múṣín, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ẹni tó ti ṣe JAMB, tó tún un ṣe, tó tún un ṣe, títí tó fi mọ ìbéèrè ọdún àtijọ́ sórí. Dárúkọ 1991 fún un, á ní, "Ìbéèrè kejìlélógún, B ni. Wọ́n tún un béèrè lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kàn yí iye rẹ̀ padà ni."

Kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tọrọ nírọ̀lẹ́. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké la ń jókòó sí, orúnkún wa á ga dé àgbọ̀n. NEPA á mú iná lọ, òun ò ní dúró. Á máa ṣe ìṣirò lọ nínú òkùnkùn, àwa á máa gbọ́ ìró ṣọ́ọ̀kì lára bọ́ọ̀dù, a ó sì máa dáhùn pé, "Ó yé wa, sà."

Ohun tí a kò láyà láti bi í ni pé kí ló dé tí òun kò wọlé. Àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wọlé lọ́dọọdún, òun ń sin wá dé gáréèjì. Nígbà mìíràn, máàkì tiẹ̀ ju tiwa lọ, àmọ́ Medicine ló dì mú, kò sì gbà kí wọ́n fi nǹkan mìíràn lọ òun. Nígbà mìíràn, owó fọ́ọ̀mù tiẹ̀ ló ti fi ra ṣọ́ọ̀kì. Owó lẹ́sìn wa kò sì tó nǹkan, síbẹ̀ à ń fà á, nítorí pé a ti fi jẹ ẹ̀wà agọ̀yìn lójú ọ̀nà. Kò lé ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí a dé yunifásítì, mélòó nínú wa ló kọ lẹ́tà sí i?

Lọ́jọ́ ìdánwò, òun ló kọ́ wa pé ká má fi àyè ìdáhùn kankan sílẹ̀ láìfi pẹ́ńsù kùn ún. Ohun tí a bá mọ̀, a ó kùn ún. Ohun tí a kò bá mọ̀, C. Ẹ bi òbí yín bóyá irọ́ ni. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ìgbà náà ló gbà pé C kì í dójú tini.

Wíwọlé gan-an kò sì ní kó o ṣe tán. Lọ́dún 1993, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ June 12, ìbò tí ìjọba fagi lé, tún dé. Ẹni tó wọlé, ẹni tí kò wọlé, gbogbo wa jọ wà nílé, à ń ta ayò. Wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1996. Àwọn kan láàárín wa lo ọdún mẹ́fà níbi kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin, ẹni tó béèrè Medicine sì ń bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni òmíràn nínú wọn lónìí.

Àwọn àbúrò wa ló kan Post-UME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, ní 2005. Kọ̀ǹpútà dé ní 2013, nígbà tó sì di 2015, ìdánwò orí pépà parí pátápátá. Lónìí, ọmọ á fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN ránṣẹ́ sí 55019, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ wọlé. Àwa tí a fi irùngbọ̀n wọlé, à ń wò wọ́n.

À ń fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò bá a mọ́. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí i padà. Ẹ̀rù S yìí ń bà wá ju àwọn ọmọ lọ. A ó dúró lẹ́yìn wọn, a ó máa pariwo pé, "Má tẹ S o! O ti ka ìbéèrè náà yé?" Ọmọ á rọra bẹ̀ wá pé ká lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ìyẹn ló mú ká tún wá Bọ̀ọ̀dá Lẹ́sìn lọ. Kò lọ síbì kankan. Orí rẹ̀ ti funfun, ó ti ní pátákó lójú títì, kọ̀ǹpútà ogún, jẹnẹrétọ̀, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a kọ́ni. Ó rántí orúkọ wa, ó rántí ibi tá a ń jókòó. A ní ká máa san owó ọmọ lóṣooṣù. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní oṣù mẹ́ta lòun ń gbà ṣíwájú, òun mọ irú ẹni tí a jẹ́.